Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun: àgbéyẹ̀wò mítà ọlọ́wọ́ akàn tí mo fi wá àìsàn iná inú motorhome wa

Bíi pọ́n-ún 40 ni mo ra mítà yìí. Ilé ìtajà kan fẹ́ kí n ra bátìrì méjì lọ́dún yìí, owó wọn á sì lé ní 300, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe èyíkéyìí nínú bátìrì ọkọ̀ wa. Bí ẹ bá ní motorhome (ọkọ̀ tó ní ilé nínú) nílùú òyìnbó níbí, tí ẹ máa ń gbé e pamọ́ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, tí ìdajì nǹkan inú rẹ̀ sì máa ń yarí lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde, irinṣẹ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ rà nìyí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Màá sọ ohun tó jẹ ìkarùn-ún.

Mítà tó ń gbá wáyà mú ni. Ó ní ẹnu méjì tó ń ṣí bí ọwọ́ akàn. Wáyà kan ṣoṣo lẹ máa fi gbá mú, á sì sọ iye ámpù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá fún yín, láìgé wáyà, láìtú tẹ́mínà. Ó tún ní wáyà pupa àti dúdú tí a fi ń wọn fólítì, bíi mítà gbogbo. Irú kan náà ni wọ́n ń ta lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, nítorí náà ẹ má wo orúkọ. Ìpele rẹ̀ tó kéré jù ni kí ẹ wò: tèmi jẹ́ òdo sí 2 ámpù, ó sì lè fi milíámpù kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ámpù) hàn. Ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀, kò ju mílímítà 17 lọ.

Ọkọ̀ wa jẹ́ ti 2009. Oko àgbẹ̀ kan ní Kent la máa ń gbé e sí nígbà òtútù. Géètì wà níbẹ̀, kámẹ́rà wà, àmọ́ kò sí iná tí a lè fà sí ọkọ̀. Sólà 100 wáàtì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì inú ilé (èyí tó ń gbé iná àjà àti pọ́ǹpù omi) nìkan ló ń bọ́. Bátìrì ẹńjìnnì ò rí nǹkan kan gbà ńbẹ̀. A lọ wà á yí ká lẹ́yìn ọdún tuntun, láti ìgbà náà a ò débẹ̀ mọ́ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà tí a débẹ̀, rìmóòtù ò ṣílẹ̀kùn, àfi kọ́kọ́rọ́. Sítátà ń ṣe tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀. Nínú ilé, iná àjà tàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ṣí omi, iná á wálẹ̀, pọ́ǹpù á kùn díẹ̀, á dákẹ́. Lẹ́yìn ọkọ̀, bí a bá tan tiráfíkétọ̀ òsì, iná bíréèkì náà á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Fèyí, ṣé kì í ṣe pé ká wá rìwáyà báyìí?" A ṣájì bátìrì ẹńjìnnì, ó gbéra, a sì kọ́kọ́ yà sí ilé ìtajà tí mo sọ yẹn. Wọ́n wo pánẹ́ẹ̀lì tó ń fi fólítì hàn lókè ilẹ̀kùn, ó ka 9.8 nígbà tí pọ́ǹpù ń kùn, wọ́n ní bátìrì inú ilé ti kú, ti ẹńjìnnì náà ń kú lọ, ká pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan bátìrì kankan nínú wọn.

Pánẹ́ẹ̀lì ò purọ́ o. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sọ. Ohun tó wà lórí bátìrì gan-an ni ẹnikẹ́ni ò wò. Mo fi ẹnu wáyà mítà, pupa àti dúdú, kan orí òjé bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe irin tí wọ́n fi dè é: 12.7. Bátìrì olójé tó bá ka iye yẹn nígbà tó ń sinmi ti kún nìyẹn. Tó bá jẹ́ 12.2 ni, ìdajì ló kù. Mo ní kí ọmọ wa ṣí omi: 12.6. Bátìrì gbé pọ́ǹpù láìmí gúlegúle, pánẹ́ẹ̀lì tó wà ní mítà mẹ́ta sí i sì ń ka 9.8. Ó túmọ̀ sí pé fólítì 2.8 sọnù sójú ọ̀nà.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ bí a ti ń ṣe nìyí, mítà pọ́n-ún mẹ́wàá pàápàá lè ṣe é. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà kan sórí bátìrì, kí ẹ máa fi èkejì tẹ̀lé wáyà láti ibùdó dé ibùdó, kí nǹkan tó ń jẹ iná sì wà ní títàn. Ibi tí iye náà bá ti fò sókè ni olè wà. Láti orí bátìrì dé ìdè àkọ́kọ́: 0.02. Láti ìdè yẹn dé òdìkejì ilé fíùsì kékeré tó wà nínú àpótí bátìrì: 2.6.

Mo ṣí i. Fíùsì ofeefee ni, 20 ámpù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń dán bó ṣe jáde nílé iṣẹ́. Èkejì ti di àwọ̀ ewé, lẹ́búlẹ́bú lára rẹ̀ ń bọ́ sí mi lọ́wọ́, ike tó yí i ká sì ti yọ́, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Fíùsì náà ò já. Ẹni tó bá yọ ọ́ wò lójú lásán á ní ó dáa, á sì dá a padà sáyè rẹ̀. Pọ́ǹpù wa ń fa nǹkan bí 5 ámpù, mo gbá wáyà rẹ̀ mú, mo rí i. Ẹ fi 5 sọ 2.6 di púpọ̀: wáàtì 13 ló ń di ooru nínú nǹkan tí kò tó àtàǹpàkò. Iná àjà ò ṣòro fún un nítorí LED ò béèrè ju díẹ̀ lọ. Ìgbà tí nǹkan tó ń jẹun bá béèrè ni ọ̀nà máa há. Ilé fíùsì tuntun tó ní ọmọrí ò ju pọ́n-ún mélòó kan. Mo fi sí i, iye yẹn wálẹ̀ sí 0.07, pánẹ́ẹ̀lì ń ka 12.5, omi ń tú jáde. Ọ̀rinrin inú àpótí bátìrì ló fa gbogbo rẹ̀, oṣù márùn-ún láìsí ẹni tó ṣí i.

Ti ẹńjìnnì ni ọwọ́ akàn fúnra rẹ̀ ti wúlò jù. Nínú ọkọ̀ tiwa, abẹ́ ilẹ̀ níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni bátìrì yẹn wà. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, 11.4 ló kà. (Tí yìnyín bá ti bọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ara bátìrì dáadáa. Èyí tó kún kì í dì ní òtútù ibí yìí, èyí tó ti ṣófo lè dì, ara rẹ̀ á sì wú. Èyí tó bá wú, ẹ má ṣájì í rárá.) Lẹ́yìn ṣájì àti ìsinmi òru kan, ó ka 12.6. Nígbà tí sítátà ń yí, ó wálẹ̀ sí 10.4, ó sì dúró síbẹ̀. Ká ní ó já wálẹ̀ kọjá 9.6 ni, mi ò bá gba ilé ìtajà gbọ́. Bátìrì dáa. Ta ló wá mu ún gbẹ?

Ẹ gbá wáyà dúdú bátìrì mú, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ní sùúrù. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ó ju 1 ámpù lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á ti pariwo. Mo fi sukudíráfà ti ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ wọlé, kí ọkọ̀ lè rò pé a ti tì í, kí n sì lè máa wo ojú mítà. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó balẹ̀ sí 0.045. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ fi wákàtí 24 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé díẹ̀ ní 1 ámpù-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì wa jẹ́ 95. Láti ọdún tuntun títí di àárín oṣù kẹta, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan níbí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá ti ń yọ tí ẹ ń dá a padà, kọ̀ǹpútà á tún jí, ìdúró á tún bẹ̀rẹ̀. Orí fíùsì alápá kọ̀ọ̀kan ní ojú irin kékeré méjì. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan wọn, lórí ìpele mílífólítì. Èyí tí iná ò gba inú rẹ̀ kọjá á ka òdo. Gbogbo wọn ka òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn, àfi ti rédíò: 0.2. Rédíò! Ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú wa ló fi í sí i, ẹni tó sì bá a so ó ti lọ́ wáyà ofeefee tó yẹ kó ní iná nígbà gbogbo pọ̀ mọ́ pupa tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ máa pa. Rédíò ò mọ ìgbà tí a pa ọkọ̀. Èmi kò tiẹ̀ fura sí i, áláàmù ni mo dójú lé. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, ó wálẹ̀ sí 0.014, ìyẹn ò burú.

Ti iná ẹ̀yìn ò le. Iná tó bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú òmíràn, áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Láti ilé gílóòbù òsì dé ẹnu òdì bátìrì, mítà ka 1.8 nígbà tí iná ń tàn, ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka nǹkan kan. Mo fi sáńpépà ha ojú irin, mo fi gíríìsì bò ó, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mítà ti jìn sí kòtò. Iná tó wà níta lókè ilẹ̀kùn ò tàn. Mítà ka 12.5 lórí wáyà rẹ̀, mo pààrọ̀ gílóòbù, kò tàn. Àwọn rìwáyà wa nílé kì í sábà ní mítà. Gílóòbù ọkọ̀ kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ ni wọ́n ń gbé kiri, àwa ọmọ ìgbà náà sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣe ọ̀kan pẹ̀lú gílóòbù bíréèkì 21 wáàtì. Mo fi kan wáyà tó ka 12.5 yẹn, ṣíúṣíú kò ṣe. Eku ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn pátákó títí ó fi ku irun wáyà kan tó ti dípẹtà, tó kàn ń fara kan ibi tó já. Mítà kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wáyà, irun kan tó láti fi 12.5 hàn án. Gílóòbù yẹn fẹ́ 1.75 ámpù, kò sí bí irun kan tó kàn ń fara kan bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí i fún un. Mítà àti gílóòbù ló wà nínú àpò irinṣẹ́ mi báyìí, bí wọ́n bá sì ní kí n mú ọ̀kan, mi ò mọ̀ bóyá mítà ni màá mú.

Èyí tó jẹ ìràwọ̀ ìkarùn-ún rèé. Mítà yìí máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ọkọ̀ sì ń fẹ́ ogún kí ó tó sùn! Tí ẹ bá tún tàn án, òdo rẹ̀ ti ṣí kúrò láyè, ẹ ní láti tú u kúrò lára wáyà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì òdo, kí ẹ tún gbá a mú. Òdo yẹn náà kì í dúró sójú kan, ó lè fi milíámpù 5 ṣáájú tàbí rẹ̀yìn tí ẹ bá kàn yí ọwọ́. Bí wáyà dúdú méjì tó nípọn bá jọ wọ orí bátìrì kan, ẹnu rẹ̀ ò gbà wọ́n pọ̀, ẹ ó gbá wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ìwé tó bá a wá, lẹ́ńsì lẹ fi máa kà á.

Fíríìjì onígáàsì inú motorhome kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí 12 fólítì àfi tí ẹńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi kí ẹ tó tan ẹńjìnnì. Tèmi fà nǹkan bí 10 ámpù lọ́gán, mo kọjá lọ.

Ní ti 230 fólítì tí a ń fà láti ara òpó ní káḿpù, mi ò fi mítà yìí wọ ibẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì tẹ́ẹ̀sì lára ẹ̀rọ ààbò 30 milíámpù, ó já bó ṣe yẹ. Ká ní kò já ni, oníná tó ní ìwé ẹ̀rí ni màá pè, kì í ṣe ojú tí mo lè fi owó pamọ́ sí.

Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ ti máa rà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní pọ́n-ún 15 tàbí 20, iná ilé nìkan ni ọwọ́ wọn lè kà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà A lójú àwo rẹ̀: ìlà gbọọrọ tó ní ìlà kéékèèké lábẹ́ lẹ ń wá, ó lè wà pẹ̀lú àmì ìgbì tàbí kó dá wà. Tó bá jẹ́ ìgbì nìkan lẹ rí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, òdo ni yóò máa kà fún yín lára wáyà bátìrì tọ̀sán tòru.