Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ láti òkè òkun, owó náírà àtijọ́ yín ṣì ń ná o

Ẹ̀yin ará wa tó ń bọ̀ wálé fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó gbéra. Àwọn gbájúẹ̀ kan wà ní agbègbè Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Déjì, tó jẹ́ pé náírà àtijọ́ ọwọ́ àlejò ni wọ́n ń wá kiri.

Ẹ mọ̀ pé náírà tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí èèyàn ń pa dà sí òkè òkun, inú báàgì ló máa ń wà títí di ìgbà tó bá tún ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó wá sin ìyá rẹ̀ láti Ireland kó irú owó bẹ́ẹ̀ jáde níwájú alágbàtà aṣọ. Ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ yọjú sí i: "Háà, Mọ́mì, owó yìí ò ná mọ́ o! Wọ́n ti yí owó pa dà." Ó ní òun mọ ẹnì kan ní báńkì tó lè gbà á, àmọ́ ìdajì ni yóò san. Ẹ̀gbọ́n kó ₦80,000 sílẹ̀, ó gba ₦40,000 tuntun tó ń tàn yanran, ó tún dúpẹ́. Alágbàtà yẹn ń wò wọ́n, kò sọ̀rọ̀.

Irọ́ gbáà ni. Lóòótọ́, Báńkì Àpapọ̀ gbé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde ní oṣù Kejìlá 2022. Ìyà tó jẹ wá lẹ́nu ọ̀nà báńkì ní oṣù Kejì 2023, ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá sí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹta 2023, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó ní kí a jọ máa ná àtijọ́ àti tuntun lọ. ₦1,000 aláwọ̀ búráùn ń ná, ₦1,000 aláwọ̀ búlúù ń ná. ₦100 tí àwòrán Awólọ́wọ̀ wà lára rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní owó yín ti kú, ẹ ní kó bá yín kálọ sí báńkì ní Alágbàká. Ẹ ó rí bó ṣe máa rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun níbòmíràn.

Ti dọ́là burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó kì í fẹ́ san iye kan náà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là olórí kékeré, ìyẹn èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1996, tàbí lórí owó wẹ́wẹ́. Amẹ́ríkà tó ni owó kò sọ pé ó ti kú, ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe jìbìtì. Jìbìtì ni kí ẹni tó ń ṣẹ́ owó gba owó lọ́wọ́ yín, kó yíjú sí ibi ìmọ́lẹ̀ bíi pé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá ní, "Ọ̀gá, ayédèrú nìyí," kó sì dá a pa dà. Ayédèrú ló fún yín lóòótọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ mú wá. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi fóònù ya fọ́tò nọ́ńbà ara owó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó rí fọ́tò náà.

Ìdì ₦1,000 kan, ọgọ́rùn-ún ewé ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àárín ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́, tàbí kí wọ́n ki ₦500 bọ̀ ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé ojú máa ń ti ọmọ Yorùbá láti ka owó níwájú àgbàlagbà tó ń pè é ní "ọmọ mi". Ẹ kúnlẹ̀ kí i tán, kí ẹ wá ka owó yín.

Ní ti POS, tí ẹni tó ń ṣe é bá ní káàdì ò gbà, ẹ má jẹ́ kó tún fi sí i títí ẹ ó fi yẹ àkáǹtì yín wò. Ẹ wo orúkọ ara káàdì tó dá pa dà.

Àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àríyá ńkọ́? Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka títa náírà àti níná an mọ́ olórin lórí léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè pa méjèèjì pọ̀. Tí ìdì tí ẹ rà bá dín, ta lẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Ọkùnrin orí bẹ́ńṣì yẹn kò ní ìsọ̀. Nígbà tí a pa dà lọ, alágbàtà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí yín tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ẹnì kan tó ń gbé nílé dání lọ sọ́jà.