Dublin tàbí Berlin fún ará London tó fẹ́ kó lọ síbòmíì?

Láti ìparí ọdún 2020 tí Brexit (bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) ti dí ọ̀nà Yúróòpù mọ́ oníwèé-ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, Áílándì, tí Dublin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, nìkan ló ṣì ṣílẹ̀kùn gbayawu: kò sí físà, èèyàn lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ owó ilé Dublin, ẹ gbà mí! Ó lè gbé ìdajì owó oṣù mì.

Ní Berlin, olú-ìlú Jámánì, wọn á béèrè ìwé ìgbélùú, èdè Jámánì á sì fojú ẹni rí nǹkan. Ṣùgbọ́n yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó lọ́mọ tó ti ń dàgbà, Berlin ni kó lọ. Àpọ́n lè máa bá Dublin fà á.