Ṣọ́ọ̀bù Fíìmù Íńdíà Kan ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Pátákó "Àìgé" Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá fíìmù ìjà Íńdíà ní Abẹ́òkúta, bó pẹ́ bó yá, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé fíìmù sórí fáláàṣì àti mẹ́mọ́rì ní Pánṣẹ́kẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ni àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Tamil ń wọ́ tọ̀ jù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ń ṣe ní Chennai ní gúúsù Íńdíà, tó yàtọ̀ sí ti Hindi tí wọ́n ń ṣe ní Mumbai. Ohun tó ń fa èrò síbẹ̀ ni pátákó kékeré ẹnu ọ̀nà wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò gé ni àwọn ń tà. Náírà 200 ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí kò sì wọ́n.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa béèrè fún èyí tí wọn kò gé. Ní Íńdíà, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò lábẹ́ òfin ọdún 1952 ló ń sọ ẹni tó lè wo ohun tó bá jáde: U wà fún tọmọdé tàgbà, UA wà fún ọmọdé tí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, A sì wà fún àgbàlagbà nìkan. Àwọn tó ń fi fíìmù pawó kì í fẹ́ gba A, nítorí pé bàbá tó kó ọmọ dání kò ní lè wọ sinimá, tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gbà láti pa èébú lóhùn, kí wọ́n sì da ojú àwòrán rú níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú. Nígbà tí Leo, fíìmù Tamil tí Vijay ṣe akitọ̀ rẹ̀, jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn tó gbé e lọ sí Ìlú Ọba kéde pé àwọn kò ní gé nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 má wò ó. Ti Coolie, fíìmù Tamil ọdún 2025 tí Rajinikanth ṣe akitọ̀ rẹ̀, tún gba ọ̀nà mìíràn yọ: A ni wọ́n fún un, ilé-iṣẹ́ tó ni ín gba Ilé Ẹjọ́ Gíga Madras ní Chennai lọ kí wọ́n lè sọ ọ́ di UA, ilé ẹjọ́ náà sì da ẹ̀bẹ̀ wọn nù.

Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tajà ṣí ọ̀kan nínú àwọn "àìgé" rẹ̀ fún mi kí n tó sanwó. "Fúùlù ni, ẹ̀gbọ́n, wọn ò mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀," ni ó wí, ó sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìjanpata. Ìwé-ẹ̀rí ìgbìmọ̀ Íńdíà ló kọ́kọ́ yọ: UA ni wọ́n kọ sí i, Hindi ni èdè tí wọ́n dá lórúkọ níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi ohùn Hindi rọ́pò ti Tamil, àmì igun mẹ́ta tí wọ́n ń fi sí ìwé-ẹ̀rí fíìmù tí wọ́n bá ti gé sì wà lórí rẹ̀ gedegbe. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì wò ó síwájú. Bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí àwọn ọ̀daràn inú fíìmù náà, fa àdá yọ, àdá balẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ṣú bí dígí tí ènìyàn mí sí. Ẹnu akitọ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, a kò gbọ́ ohun tó wí. Ọmọkùnrin náà ní fíìmù náà lé ní wákàtí méjì àbọ̀, pé bí wọ́n bá ti gé e kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó mọ̀ pé bí a bá pa ohùn, tí a sì da àwòrán rú, fíìmù kò ní fi ìṣẹ́jú àáyá kan dín.

Ohun tó gba ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi ni pé kò bá mi jiyàn. Ó túbọ̀ wá inú kọ̀ǹpútà, ó sì rí àwọn mìíràn tó jẹ́ èdè Tamil pọ́ńbélé, tí àkọlé Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán, tí kò sí ìwé-ẹ̀rí Íńdíà níwájú wọn. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni kò ṣú lójú, tí wọn kò sì pa ohùn ẹnikẹ́ni. Ìdí tí kò fi kó wọn síwájú ni pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í fẹ́ ka àkọlé; Hindi tí etí wọn ti mọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, Hindi yìí sì ni wọ́n máa ń gé jù, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún.

Àléébù méjì kù tí n kò lè fojú fò. Ọmọ iléèwé kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ra tirẹ̀ níṣojú mi, kò sì sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò rí àmì àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà lórí ohunkóhun níbẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ọdún 2022 kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa da fíìmù onífíìmù kọ tà. Ní ti ìwà sí oníbàárà, mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ní ti pátákó wọn, ọ̀kan péré, àfi bí wọ́n bá pa á rẹ́ tàbí tí wọ́n kọ "Tamil nìkan" sábẹ́ rẹ̀.