AudioMoth, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ òòbẹ̀: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á

Ẹni tó bá fẹ́ fi òòbẹ̀ wé àfòpiná ní Àkúrẹ́, etí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. AudioMoth dára fún iṣẹ́ yìí. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Bátìrì AA mẹ́ta àti káàdì microSD ló ń lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò ni ìwọ̀n tí wọ́n ń yàn fún gbígba ohùn, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń ka ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòbẹ̀ Hipposideros caffer, tó ń sùn nínú ihò àpáta àti àjà ilé, ń ké ní nǹkan bíi 140 kHz (kHz kan jẹ́ ìgbà ẹgbẹ̀rún kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìdajì ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá yàn ni ẹ̀rọ náà máa gbọ́ dé. Tẹ́ ẹ bá yan 250 kHz, kò ní kọjá 125. Òòbẹ̀ á fò kọjá, fáìlì kò sì ní fi ohùn rẹ̀ hàn bó ṣe yẹ. 384 ni kẹ́ ẹ yàn, kó lè gbọ́ dé 192. Àmọ́ ó ń jẹ àyè gan-an: ìṣẹ́jú kan tó MB 46, káàdì GB 32 á sì kún ní bíi wákàtí 11 àbọ̀. Irú ohùn gíga bẹ́ẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu ihò dáadáa.

Nítorí òjò, àwọn kan ń fi ọ̀rá wé e. Ọ̀rá tó nípọn ń dí ohùn gíga. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fà á le níwájú máíkì kí atẹ́gùn má baà máa gbọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá yọ bátìrì, ẹ tún fi kọ̀ǹpútà ṣètò aago rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, torí aago yẹn máa ń pa rẹ́.

Ti àdán ńlá, Eidolon helvum, yàtọ̀. Ojú àti imú ló fi ń wá èso, kì í fi ohùn wá ọ̀nà. 48 kHz ti tó fún ariwo rẹ̀ lórí igi.

Àfòpiná tó ń ba afárá oyin jẹ́, Galleria mellonella, ló yani lẹ́nu jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ikùn ni etí rẹ̀ wà, sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin péré ló ń gbọ́ nínú etí kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ìwádìí Yunifásítì Strathclyde ní 2013 fi hàn pé ó ń gbọ́ dé 300 kHz! Kò sí òòbẹ̀ tí a mọ̀ tí ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀, AudioMoth náà kò sì lè bá a débẹ̀. Ẹ̀yin olóyin Oǹdó, ẹ má rà á láti fi lé kòkòrò yìí o. Gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Afárá àtijọ́ ni kẹ́ ẹ máa kó kúrò.

Láti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ gbà, ẹ ṣí fáìlì náà nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbọ́ ohùn tí a sì fi ń tún un ṣe, kẹ́ ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú ogún: 140 kHz á di 7, etí èèyàn á sì gbọ́ ọ ketekete.