Oṣù mẹ́rìnlá pẹ̀lú V-Boot bàbá mi: Mercedes 230E 1989 tó ti jókòó fún ọdún mẹ́sàn-án

Mercedes 230E ọdún 1989 ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-Boot. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí mo ti ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láti Ológunẹ̀rù sí Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì dá mi dúró lójú ọ̀nà. Kó tó dìgbà yẹn, abẹ́ igi máńgòrò nílé bàbá mi ní Òkè-Àdó ló wà láti 2014, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ ẹ̀. Owó tó ti gbà lọ́wọ́ mi títí di òní jẹ́ ₦1,640,000. Àwọn tó ń ra irin ti ní àwọn máa san ₦350,000 fún un bó ṣe wà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń múra àtigbà á.

Ṣé ó tó owó tí mo ná lé e? Ó tó, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé Benz kì í bàjẹ́. Ó bàjẹ́, ó bàjẹ́ kanlẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ohun tí a ṣe sí i, èyí tí ogbó fà kò tó ìdajì. Ìyókù, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti tún un ṣe sẹ́yìn ni a ń tú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ipò tí mo ti bá a. Nígbà tí bàbá mi pa á tì, ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń rò nípa ẹ̀: ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kì í tètè sítáàtì láàárọ̀, iná ABS (ti bírékì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò há) kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì mẹ́rin ló ti gba owó lórí ẹjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n pààrọ̀ nózù, wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, ó wá sú bàbá mi, wọ́n ra Corolla.

Mẹkáníìkì tí mo rí fún iṣẹ́ yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí V-Boot ti dóde ló ti ń fọwọ́ kàn án, láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni mà á ṣe pè é níbí. Ọjọ́ tí mo gbé bátìrì tuntun dé pé kí a tan án wò, ńṣe ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, ẹni tó ti sùn fún ọdún mẹ́sàn-án, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa ní kó sáré?"

Wọ́n tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 27 yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, pẹ̀lú ọwọ́ lásán, díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó gbà. Bàbá ní ká ní a ti fi kíkì fà á bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ríìngì ti ha ògiri ihò tí písítìnì ń rìn nínú ẹ̀, kó sì bà á jẹ́. Mo ka èyí sí ìmọ̀ràn tó níye lórí jù tí mo gbà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Epo tó wà nínú táǹkì ti pọ́n bí ọtí ògógóró tí wọ́n re egbò sí, òórùn ẹ̀ sì dà bíi ti ọ̀dà. A fà á dànù. Asẹ́ kan wà nísàlẹ̀ táǹkì V-Boot tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí a yọ ọ́, ìpẹtà àti nǹkan aláwọ̀ dúdú ti dí i pa. Ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù láì yọ asẹ́ yìí, àfi kó tún múra owó pọ́ǹpù kejì. Pọ́ǹpù tiwa kú fúnra ẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. A ra òmíràn, mà á tún padà sórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sítáàtì. Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, iná ABS sì tàn pẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe fi í sílẹ̀.

Ibí ni mo ti ṣàṣìṣe. Bàbá rìnrìn àjò lọ sílé, ara mi ò sì gbà á mọ́, mo pe rewáyà ọ̀dọ́ kan tó ní skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àrùn mọ́tò. Ọmọ náà wólẹ̀ sábẹ́ sítíárì, ó wá ojú ibi tí yóò ki wáyà ẹ̀ bọ̀ títí, kò rí i. Kò sì lè rí i. Mọ́tò 1989 ni. Ojú tí skánà òde òní ń wá kò sí lára ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọpọlọ ẹ̀ ló ti jóná," ló wí, ó ní kí n wá ₦180,000. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fún un lówó ọkọ̀.

Bí epo ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì yìí yẹ ní mímọ̀, torí ibẹ̀ ni owó àwọn onímọ́tò ń gbà lọ. KE-Jetronic ti Bosch ló ń lò. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé máa ń gbé sókè. Bí irin náà bá ṣe gòkè tó ni epo tó ń lọ sí nózù ṣe ń pọ̀ tó. Irin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tó kàn ń bu díẹ̀ lé e, tó sì ń dín in díẹ̀ kù, nípa wíwo bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Kọ̀ǹpútà yìí àti ti ABS, ibì kan náà ni iná ti ń wá bá wọn: relay kan (ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún iná, tó sì ń tì í) tó jẹ́ àwọ̀ fàdákà lẹ́yìn bátìrì, tó ní ìdérí pupa lórí fíúsì ẹ̀. OVP ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí iná tó ju agbára wọn lọ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí Bàbá dé, tí mo ròyìn, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yọ relay yẹn, wọ́n ṣí páálí irin ẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ oòrùn, wọ́n ní kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀dì tó di ẹsẹ̀ náà mú ti là yíká, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, bí òrùka tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yà. Ìyẹn nìkan. Iná á dé, á tún lọ. Ohun tó jẹ́ kí mọ́tò máa gbọ̀n nìyẹn, òun náà ló jẹ́ kí iná ABS máa tàn, láti ayé ìgbà tí bàbá mi ń san owó nózù. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo ra OVP tuntun ní ₦65,000, torí Bàbá ní tòkunbọ̀ ẹ̀ máa ń ní irú àrùn kan náà. Bí a ṣe fi í bọ̀ ọ́, iná ABS kú. Mo pè ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù kí wọ́n wá gbọ́ bó ṣe ń dún wẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ mímu epo ṣẹ́kù. Bàbá wo ojú ìgbóná lẹ́yìn tí a wà á dé Ẹlẹ́yẹlé. Ọwọ́ ẹ̀ kò tíì dé 60. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn tú ilé thermostat, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Mo tú u: ihò lásán ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti yọ ọ́ sọnù, ó sì ti fi gásíkẹ́ẹ̀tì onípáálí dí i padà dáadáa. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, wọ́n máa ń sọ pé thermostat wà fún ìlú òtútù, pé ní tiwa níbí kò wúlò. Irọ́ gbáà ni. Láìsí i, omi ń yí láìdúró, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà sì ń rò pé ìdájí ni, ó ń bu epo lé epo. Kò tán síbẹ̀: láti fi bo èyí mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ti fi L-key 3 mm yí ibi tí wọ́n ti ń dá ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ sí ibi tó wù ú. Bàbá fi mítà sí i, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún yí i díẹ̀. Ó gbà wá ní odidi ọ̀sán kan.

Wáyà ńkọ́? Wáyà mọ́kànlá ni wọ́n ti gé tí wọ́n sì so pọ̀ láìlo lẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé. Fáànù iná kan wà tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà, kò sí fíúsì láàárín wọn. Ìyẹn nìkan ti tó láti sun ilé.

Bírékì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ sí DOT 4, a pààrọ̀ páìpù rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti páàdì. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ṣì ní eyín tó dáa, àbúrò mi sì ní kí n máa lò ó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹ tó gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ti mi jẹ́ 3111: ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2011. Eyín wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ti gbẹ bí igi. Mo ra mẹ́rin tuntun, 195/65 R15, owó ẹ̀ dùn mí. Rọ́bà roboto méjì tó so ṣáàfù mọ́ jíà àti mọ́ ẹ̀yìn náà ti sán. Òun ló ń fa "gbùù" nígbà tí ó bá fẹ́ ṣí lọ.

Ohun tí mo kórìíra jù ni ríra ẹ̀yà ara ẹ̀. Mo ti di ojúlùmọ̀ ní ọjà spare parts ní Gate. Tuntun tó jẹ́ ayédèrú ń bẹ nínú páálí tó rẹwà ju ojúlówó lọ. Pọ́ǹpù epo tí mo rà ní ₦85,000, pẹ̀lú gbogbo ìbúra tí ẹni tó tà á búra, oṣù mẹ́ta ló lò. Ó kú sí mi lọ́wọ́ ní Jẹ́ríkò láago méje àárọ̀, tí gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó dá mi dúró. Tòkunbọ̀ tí mo fi rọ́pò ẹ̀ kò gbà tó ìdajì owó yẹn, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ìlànà mi báyìí: ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, tuntun, ohun tó bá jẹ́ irin, tòkunbọ̀. OVP nìkan ni mo yọ sílẹ̀.

Ìgbà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwàdà. Mọ́tò kú lójijì nítòsí Mókọ́lá, kò sítáàtì mọ́. Mo pe Bàbá. Wọ́n ní kí n ṣí àpótí fíúsì, kí n fi ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níbi tí ó wà, láì yọ ọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo tan án, ó gbà! Fíúsì V-Boot dà bí ọta kékeré tó ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwọn tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù máa ń dípẹtà lẹ́nu, iná ò sì ní kọjá. Mo fi oníkọ́pà pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kejì. Kò sí ohun tí owó ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún ṣe tó yanjú nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó ṣe rí láti máa gbé e kiri: mo ń rí nǹkan bíi lítà mẹ́tàlá fún 100 km nínú ìlú, mẹ́sàn-án ààbọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Fóònù ni mo fi ń wọn ọ̀nà, torí òǹkà máìlì ẹ̀ ti dúró. Mà á kún táǹkì dé ọrùn, mà á tún kún un padà. Ẹni tó ní Corolla yóò fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́, pàápàá pẹ̀lú epo tó ti gbówó lórí, tí owó tí ìjọba fi lé e kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà gbé tiẹ̀ wá sí ihò tó wà lójú ọ̀nà Ológunẹ̀rù, kí a jọ wọ̀ ọ́ ní ìgbà kan náà. V-Boot kì í gbá èèyàn nídìí. Ó máa ń rì sínú ihò, ó sì ń gòkè bí ẹni tó jókòó lórí tìmùtìmù. Ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ń pa "dú". Wáípà ẹ̀ kan ṣoṣo ń na ọwọ́ dé igun gíláàsì méjèèjì, àwọn ọmọ mi ò tíì yé rẹ́rìn-ín sí i.

Ìwé ọkọ̀ náà gba ìrìn tirẹ̀, torí gbogbo ẹ̀ ti kú láti 2014. Ìnṣọ́ránsì ẹlẹ́gbẹ́ kẹta (third party) jẹ́ ₦15,000 nígbà tí mo ṣe é, ìyẹn ni mo rántí. Ìyókù, ẹ lọ pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ̀rọ amúlétutù ti gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi, ó sì tutù níwọ̀nba. Lọ́sàn-án gangan nínú súnkẹẹrẹ Dùgbẹ̀, mo ṣì ń yí gíláàsì sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ́tò tí kò ní máa gba ọjọ́ Sátidé yín, ẹ má ra V-Boot. Tí ẹ ò bá sì ní ẹnìkan bíi Bàbá tí ó mọ KE lọ́wọ́, ẹ wá ẹni náà kí ẹ tó wá mọ́tò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á ni owó á bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Èéfín aláwọ̀ búlúù díẹ̀ ṣì ń jáde láàárọ̀ tí mo bá kọ́kọ́ tan án, á sì lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Síìlì fáàfù ni, rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò wọ ibi tí epo ti ń jó, gbogbo irú ẹ́ńjìnnì yìí ló ń ṣe é tó bá dàgbà. Bàbá ní kí n gbé e wá lẹ́yìn Iléyá. Mo ti ra síìlì náà sílẹ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ síbí ní ilé ìdáná, ìyàwó mi sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.