Angkor, Koh Ker àti Sambor Prei Kuk: ohun tí owó wa rà àti ohun tí kò rà

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn àjò níbí ní London ló ta ètò yìí fún èmi àti àbúrò mi obìnrin. Siem Reap ní Kàǹbódíà la máa balẹ̀ sí, a ó rìn káàkiri Angkor, olú ìlú àtijọ́ tó kún fún tẹ́ḿpìlì òkúta, a ó sì kọjá lọ sí àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ mìíràn ní Beng Mealea, Koh Ker, Preah Vihear àti Sambor Prei Kuk kí a tó já sí Phnom Penh, olú ìlú wọn òde òní. Ọkọ̀, ilé ìtura, amọ̀nà àti tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú owó tá a san, oúnjẹ ni kò sí níbẹ̀. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Kì í ṣe Kàǹbódíà ló fa ìràwọ̀ 2 yẹn bọ́. Bó bá ṣe ilẹ̀ náà nìkan ni mo ń díwọ̀n, 5 ni màá fún un láìwẹ̀yìn. Ohun tó ká mi lára ni pé apá tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n gbówó gọbọi lé lórí, apá tá a nílò wọn gan-an ni wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì Angkor. Ti ọjọ́ 1 jẹ́ dọ́là 37, ti ọjọ́ 3 jẹ́ 62, ti ọjọ́ 7 jẹ́ 72. Ọjọ́ 3 yẹn kò pọn dandan kó tẹ̀ léra: ẹ ní ọjọ́ 10 láti fi lò ó, ti ọjọ́ 7 sì ní oṣù kan gbáko. Wọ́n á ya fọ́tò yín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀, àwọn aṣọ́nà á sì máa wo ojú yín mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà kò sí pé ẹnì kan ń yá ẹnì kejì lò. Angkor Enterprise tó ni títà rẹ̀ ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní iye kan náà. Nínú ìwé owó tiwa, "owó ìwọlé àti ìṣètò" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Bákan náà lọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí. Ọ̀kadà ló ń fa kẹ̀kẹ́ tiwọn, tuk-tuk ni àwọn àlejò ń pè é. Nǹkan bíi dọ́là 20 ni awakọ̀ kan dá lé mi fún odindi ọjọ́ kan; yóò gbé yín láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì, yóò sì na hámọ́ọ̀kì sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sùn títí ẹ ó fi jáde. Mo kàn ná an lásán ni, torí bọ́ọ̀sì alátẹ́gùn tútù ti wà nínú owó wa. Ibi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni pápákọ̀ òfurufú. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 jìnnà sí ìlú, ó lé ní kìlómítà 40, alẹ́ la sì dé. Ọkọ̀ tó wá gbé wa ti ń dúró.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá tí wọ́n fi jí wa kí a lọ wo bí oòrùn ṣe ń yọ ní Angkor Wat. Tẹ́ḿpìlì náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ, ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi máa ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí àwọn ẹlòmíràn àti fóònù tí wọ́n nà sókè ni èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò tèmi. Ẹ̀bá adágún omi tó wà lápá òsì kún débi pé ẹsẹ̀ kò gba ẹsẹ̀. Bí oòrùn ṣe là tán ni gbogbo wọn gba ọ̀nà oúnjẹ àárọ̀ lọ, ìgbà yẹn gan-an ni Angkor Wat wá di tiwa.

Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ fún Vishnu, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní nǹkan bí ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 12. Yàrà tó yí i ká fẹ̀ ní mítà 190, ilé gogoro àárín rẹ̀ sì ga tó mítà 65. Mo ti ka gbogbo ìyẹn kí n tó lọ. Èyí tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni ti ògiri ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ àwọn òrìṣà 88 àti àwọn ọ̀tá wọn 92, tí wọ́n jọ ń fa ejò ńlá kan láti fi po òkun wàrà kí omi àìkú lè jáde láti inú rẹ̀. Ó gùn tó mítà 49. Ẹ fara mọ́ ọn dáadáa kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹja àti ọ̀nì kún inú omi náà, àwọn tó wà lápá ìkángun ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ àárín tí wọ́n ti ń po ó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń já: ẹja já sí méjì, ọ̀nì já sí méjì, ìrù lọ síbí, orí lọ sọ́hùn-ún. Ẹni tó gbẹ́ ẹ rò ó jinlẹ̀. Láwọn ibòmíràn, ọwọ́ àwọn tó ń kọjá ti ń pa ara òkúta náà títí ó fi dúdú tó sì ń dán. Ẹ má fi tiyín kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè pátápátá, èyí tí wọ́n ń pè ní Bakan, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Aṣọ aláìlápá ni àbúrò mi wọ̀, ó ní òun á fi ìborùn bò ó, àwọn aṣọ́nà ní rárá o. Ọjọ́ mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, wọn kì í ṣí i. Irú nǹkan báyìí ló yẹ kí ẹni tó gbowó wa sọ fún wa.

N kò ní pẹ́ lórí Bayon àti Ta Prohm, tẹ́ḿpìlì méjì mìíràn ní Angkor, torí gbogbo ayé ti rí fọ́tò wọn. Ọba Jayavarman Keje ló kọ́ méjèèjì. Ẹ lọ sí Bayon pẹ̀lú oòrùn àárọ̀ lára àwọn ojú èèyàn ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí Ta Prohm gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí àwọn tó ń tò láti ya fọ́tò nídìí àwọn gbòǹgbò igi ara ògiri rẹ̀ tó dé. Banteay Srei kéré, ọdún 967 ni wọ́n ṣe ìyàsímímọ́ rẹ̀, òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, iṣẹ́ ara rẹ̀ sì dà bíi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin ará Faransé kan, André Malraux, ti gé ère lára ògiri ní 1923 tí wọ́n sì mú un. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹ̀yìn, ó di mínísítà àṣà ní Faransé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ní Siem Reap ni amọ̀nà ti dágbére fún wa. Awakọ̀ nìkan ni ètò náà fún wa fún gbogbo ìyókù ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti nílò ẹni tó mọ̀ràn, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí àkọlé. Orí wa ló bá wa ṣe é. Àgbàlagbà ni bàbá tó wà wá náà, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó mọ òkúta. Ní Beng Mealea, tí wọn kò tún kọ́ padà, tí òrùlé rẹ̀ ti wó sínú ara rẹ̀ tí ẹ ó sì máa rìn lórí afárá pákó, ó mú ìka mi bọ inú ihò róbótó kan lára òkúta, ó sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń fi okùn fa nǹkan sókè. Ihò tí wọ́n fi ń gbé e nìyẹn. Ó tún fi èékánná rẹ̀ gba ààlà òkúta méjì: kò wọlé. Wọn kò fi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń lọ ọ̀kan mọ́ ara èkejì títí wọ́n á fi bára mu. Yangí ni wọ́n fi ń ṣe inú lọ́hùn-ún, òkúta yanrìn láti òkè Kulen sì ni wọ́n fi ń bo ìta.

Koh Ker ló dùn mọ́ mi jù lọ, òun náà ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Dọ́là 15 ni tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín 928 sí 944 ni ìjọba kúrò ní Angkor lọ síbẹ̀, lábẹ́ Jayavarman Kẹrin àti ọmọ rẹ̀ tó jọba tẹ̀ lé e. Òkìtì onípele 7 tó wà níbẹ̀, Prasat Thom, ga ní mítà 36, àtẹ̀gùn pákó sì wà tẹ́ ẹ lè gbà dókè. Ní àwọn tẹ́ḿpìlì kéékèèké ìtòsí rẹ̀, ìjókòó ère ló kù, ère ti lọ. Nígbà ogun abẹ́lé àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó wọn. Ère Duryodhana, jagunjagun inú ìtàn àwọn Híńdù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n gé tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìyókù ara rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gbàǹjo Sotheby's fẹ́ gbé sórí àtẹ ní New York ní 2011. Ẹsẹ̀ yẹn ló tú àṣírí. Ní 2014, ó padà sílé. Metropolitan Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York, ti dá ère Koh Ker méjì padà ní 2013. Wọ́n fẹ̀sùn kan Douglas Latchford, oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ní 2019, ṣùgbọ́n ó kú ní 2020 kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ará London ni mí, mo mọ yàrá tí orí idẹ Ifẹ̀ wà ní British Museum, nítorí náà ẹ má bi mí ìdí tí mo fi pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má ṣe kúrò lójú ọ̀nà o: bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun kò tíì tán nínú igbó apá ibẹ̀.

A kò dé Preah Vihear. Orí àpáta gíga ló wà, mítà 525, ní ààlà Táílàǹdì. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ti dá a fún Kàǹbódíà ní 1962, síbẹ̀ ìjà kò tán. Ogun tún bẹ́ sílẹ̀ lójú ààlà yẹn ní oṣù Keje ọdún 2025. N kò lè bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ogun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìròyìn yẹn ti kárí ayé ni wọ́n ta ètò náà fún wa, tí orúkọ Preah Vihear ṣì wà nínú rẹ̀ gàdàgbà. "Ọjọ́ ìsinmi ní ilé ìtura" ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹ wádìí kí ẹ tó sanwó.

Lójú ọ̀nà Sambor Prei Kuk, ẹ ní kí wọ́n dúró ní Kampong Kdei. Afárá òkúta kan wà níbẹ̀ láti ayé Jayavarman Keje, ejò olórí púpọ̀ ló ṣe ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀kadà ṣì ń gbà á kọjá. Níbẹ̀ náà la ti jẹ ìrẹsì pẹ̀lú prahok, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí títí ó fi kan. Ẹni tó bá ti gbé inú ilé tí wọ́n ti ń se irú kò ní sá fún òórùn rẹ̀.

Sambor Prei Kuk ti wà fún bí ọdún 500 kí Angkor Wat tó dé. Ìsanapura lorúkọ rẹ̀, olú ìlú ọba Isanavarman ní ọ̀rúndún 7. Bíríkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ilé òrìṣà kan ní igun 8, wọ́n sì gbẹ́ ààfin tó ń fò lójú òfurufú sára ògiri wọn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń múni káàkiri. Ẹ gbà wọ́n, owó yẹn kò ní dùn yín. Ẹ mú dọ́là tó mọ́ lọ́wọ́, torí ẹyọ kan tó bá ya díẹ̀, wọn kò ní gbà á. Riel, owó Kàǹbódíà, bíi 4,000 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là 1.

Wákàtí kan ni ètò náà fún National Museum ní Phnom Penh, níbi tí Duryodhana ti wà báyìí. Wákàtí kan kẹ̀! A ní kí ọkọ̀ máa lọ, a sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sí ilé ìtura nígbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn.

Bó bá ṣe èmi ni màá tún lọ, tíkẹ́ẹ̀tì àti kẹ̀kẹ́ Angkor, màá fọwọ́ ara mi rà á. Awakọ̀ àti amọ̀nà fún Beng Mealea, Koh Ker àti Sambor Prei Kuk ni màá wá owó sílẹ̀ fún, Siem Reap ni màá sì ti wá wọn. Ní ti owó Preah Vihear, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn á yọ ọ́ nínú ìrìn àjò wa tó ń bọ̀. Mo ti dá wọn lóhùn pé kí wọ́n fi owó mi ránṣẹ́.