Mo fẹsẹ̀ rin Salvador: àgbéyẹ̀wò ìrìn wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú afọ̀nàhàn

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo gúnlẹ̀ sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti wọ kánfáàsì. Láti Èkó ni mo ti sanwó ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú afọ̀nàhàn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí èdè Potogí tí mo gbọ́ ò ju kíkí lọ. Àwa mẹ́sàn-án la jọ rìn, èmi nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. Nítorí ọmọ Yorùbá tó bá tún ń gbèrò àtilọ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Agogo mẹ́sàn-án la fi àdéhùn sí. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ ni afọ̀nàhàn wa dé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Ó bẹ̀ wá, a gbà, àmọ́ oòrùn ti ń mú kí a tó gbéra.

Ìdí Elevador Lacerda la ti bẹ̀rẹ̀, lífíìtì tí wọ́n ṣí ní 1873, tó so ìlú òkè mọ́ ìlú ìsàlẹ̀ létí omi. Gíga rẹ̀ tó mítà 72. A sọ̀ kalẹ̀, a wo Mercado Modelo, tó jẹ́ ilé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó di ọjà oníṣẹ́ ọnà, a sì padà sókè. Ó dáa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó dùn mí ni Ladeira da Praça, ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní, 1835, ibẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ti bẹ́ sílẹ̀: àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, tí Yorùbá pọ̀ gan-an nínú wọn. Gbólóhùn méjì péré ni afọ̀nàhàn sọ, ó ti ń lọ. Mo dá a dúró. Mo ní "ìmàle" ni Malê, pé a ṣì ń pe Mùsùlùmí bẹ́ẹ̀ nílé títí dòní. Ó ní kí n tún un pè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Inú mi rọ̀ sí i láti ìgbà yẹn.

Ní gbàgede Terreiro de Jesus, a wọ ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Afro-Brasileiro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sáré yín níbẹ̀. Pátákó igi 27 tí oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Carybé gbẹ́ wà níbẹ̀, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀: Ògún, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ọ̀ṣun, Yemọja. Iwájú Ògún ni mo dúró sí tí wọ́n fi pè mí. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. Ìsọ̀ olókùúta iyebíye tí wọ́n wá kó wa lọ lẹ́yìn rẹ̀ gba ogójì. Èyí bí mi nínú, mo sì sọ ọ́ fún iléeṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn epo pupa ló mú mi kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ìyá kan ló jókòó, aṣọ funfun nigínnigín, gèlè funfun. Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́. Àkàrà ni, ẹ̀wà bíbó tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n dín nínú epo tí wọ́n ń pè ní dendê. Ó tó ìkúùkù. Ó là á, ó ki vatapá sí i, tí wọ́n fi edé, ẹ̀pà àti wàrà àgbọn sè, ó fi caruru onílá lé e, ó wá da edé gbígbẹ sórí. Bí wọ́n bá bi yín ní "quente?", ata ni wọ́n ń bi yín, kì í ṣe gbígbóná iná. Èmi tí mo mọ àkàrà mọ́ ẹ̀kọ, méjì ni mo jẹ. Afọ̀nàhàn ní láti 2005 ni ìjọba ti forúkọ iṣẹ́ àwọn ìyá yìí sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Axé." Àṣẹ ni mo gbọ́.

A parí ìrìn ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ nínú ìlú òkè. Òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba ló fún ibẹ̀ lórúkọ, bí ilé aláwọ̀ mèremère ṣe yí i ká tó lónìí. Òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀. Nídìí gẹ̀rẹ́ tó wà ní Pelourinho níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos wà, aláwọ̀ búlúù, tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1704.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀kan tí mo yọ, ti pípẹ́ àti ti ìsọ̀ olókùúta ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa dúró ní Ladeira da Praça. Tó bá sì ṣeé ṣe, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ mú, torí ìlù máa ń dún nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní Rosário dos Pretos. Afọ̀nàhàn ló fi tó mi létí. Mo padà lọ lémi nìkan, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì wà níbẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé ìlù sílẹ̀.